Imú tí ò gbóòórùn mọ́ lẹ́yìn tí orí gbálẹ̀, ṣé òun ló fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni àbí orí ló fa méjèèjì?

Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Oṣù keje rèé tí ọkọ mi já bọ́ lórí alùpùpù, ìpàkọ́ ló fi gbálẹ̀. Ó dákú bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ṣe sìkáànì, wọ́n ní kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ, lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ara ti yá, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ kì í gbóòórùn nǹkankan mọ́, tó bá ń jẹun á ní bí ìgbà téèyàn ń jẹ páálí ni. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ọkọ mi tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín ti di ẹni tó ń jókòó wo ògiri. Kì í bá mi ṣeré, kì í tiẹ̀ bá mi jà. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní ọ̀lẹ ló ń ṣe, pé ta ló kú rí nítorí imú. Ẹnì kan ní kó máa lo oògùn zinc. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé imú ló ń fa ìbànújẹ́ yìí ni àbí ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kó mọ adùn oúnjẹ? Èwo ni ká kọ́kọ́ wò?"

*

Àbúrò mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìbéèrè yín kí n tó dáhùn, torí ibi tí ẹ ti ní ó ń jókòó wo ògiri yẹn, èmi náà ti jókòó síbẹ̀ rí. Ọdún kẹfà rèé tí mo já bọ́ sẹ́yìn lórí àkàbà, ìpàkọ́ lèmi náà fi gbálẹ̀, orí sìmẹ́ńtì. Torí náà mi ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ rárá. Ẹ má sọ pé ẹ máa wo imú tán kí ẹ tó wo ọkàn. Imú lè padà, ó sì lè má padà, kò sí dókítà tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn. Àmọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní ìtọ́jú lónìí olónìí, bí imú bá ṣì kú kò dí i lọ́wọ́. Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo fi ṣòfò kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ń retí imú, mo ń sọ fún ara mi pé ọjọ́ tí mo bá gbóòórùn ni inú mi máa dùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú orí, torí bí àwọn ẹbí bá mọ ibi tí nǹkan ti já, ó ṣeé ṣe kí ẹnu wọn rọ̀. Lókè imú, láàárín ojú méjèèjì, egungun pẹlẹbẹ kan wà tó ní ihò wẹ́wẹ́ bíi ti asẹ́. Ihò yẹn ni àwọn fọ́nrán iṣan tó ń gbé òórùn gbà wọ inú agbárí, wọ́n tín-ín-rín ju òwú ìránṣọ lọ. Tí ìpàkọ́ bá gbálẹ̀, ọpọlọ á sún síwájú á tún sún sẹ́yìn, egungun ò sì kúrò lójú kan, ni fọ́nrán wọ̀nyẹn bá já lójú ihò. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi ìpàkọ́ gbálẹ̀ fi lè pàdánù imú láìjẹ́ pé nǹkankan kan imú rẹ̀. Sìkáànì CT tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ ìjàǹbá, ẹ̀jẹ̀ àti egungun tó fọ́ ló ń wá, kì í rí fọ́nrán tó já. Nítorí náà "sìkáànì ò rí nǹkankan" yàtọ̀ pátápátá sí "kò sí nǹkankan", ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ó ku ọ̀kan. Abẹ́ ọpọlọ níwájú, lókè ojú gan-an, orí egungun tó rí gbágungbàgun ló sùn lé. Tí ọpọlọ bá fi ibẹ̀ ha egungun, ó máa ń bó, ó máa ń dégbò. Ibẹ̀ kan náà ló ń bá wa mọ òórùn yàtọ̀ sí òórùn, òun náà ló wà lára ohun tó ń bá wa mọ ohun tó wù wá, ohun tó ń múnú ẹni dùn, ohun tó yẹ kéèyàn dìde torí ẹ̀. Egbò kan ṣoṣo lè mú imú, kó sì mú ọkàn dání.

*

Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ lábẹ́ ìdáhùn mi, mo sì ti ka gbogbo ẹ̀. Bí mo ṣe rí i, ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ pín sí. Àwọn kan ní imú ni, pé ẹni tí ò mọ adùn oúnjẹ mọ́ kí ló fẹ́ máa dunnú sí. Àwọn kan ní ìpayà ìjàǹbá ni, pé ẹni tó rí ikú lójú ò lè máa rẹ́rìn-ín bíi tàná. Àwọn tó kù ní ọpọlọ ló fara pa, pé ẹ yéé wá ìdí kiri.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni nínú yín jà, torí òtítọ́ wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mo ta kò ni bí oníkálukú ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kejì. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní JAMA ló gbé e jáde ní 2010. Èèyàn 559 tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn torí ìfarapa ọpọlọ ni wọ́n tẹ̀ lé fún odidi ọdún kan. Ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún náà. Ó ju ìdajì lọ! Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni imú wọn kú. Ẹni tí imú ẹ̀ ò tiẹ̀ ṣe nǹkankan lè wọnú ẹ̀. Ohun tó wá dùn mí jù níbẹ̀ ni pé nínú àwọn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì yìí, ìdá 44 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí oògùn tàbí ẹni tó jókòó bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tó kù dá gbé e ni. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa pe àwọn náà ní ọ̀lẹ.

*

Sí ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ́ pé "nǹkan kékeré ni, ojú ló ṣe pàtàkì, etí ló ṣe pàtàkì, imú kọ́":

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí, mi ò gbà. Mo mọ̀ pé inú burúkú kọ́ lẹ fi sọ ọ́, gbogbo ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Òfin gan-an ń sọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, sójà tí imú ẹ̀ kú pátápátá lẹ́nu iṣẹ́, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba kọ fún un gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n àbùkù ara, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kékeré yẹn ṣe rí nílé mi. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ nígbà yẹn. Ìyàwó mi wẹ̀ ẹ́ tán ó gbé e fún mi, ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, irun rẹ̀ ṣì tutù. Mo gbé imú lé àárín orí ẹ̀, mo fà á sínú. Afẹ́fẹ́ lásán. Mo tún fà á. Mo mọ̀ pé ọmọ mi ni, ojú mi ń rí i, ó di ìka mi mú, àmọ́ ó ń ṣe mí bí ẹni pé fọ́tò ọmọ ẹlòmíì ni mò ń wò. Mo dá a padà fún ìyá ẹ̀, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò gbé e mọ́. Ìyàwó mi rò pé mi ò fẹ́ràn ọmọ, èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ọkàn sì ń dá mi lẹ́bi tọ̀sán tòru, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni torí báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn?

Òórùn ò rí bí ojú àti etí. Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ máa ń kọ́kọ́ dúró níbì kan láàárín ọpọlọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tò ó kó tó máa lọ. Òórùn kì í dúró níbẹ̀. Tààrà ló ń lọ sí ibi tí ìbẹ̀rù, ìfẹ́ àti ìrántí wà. Bó bá ti já, ohun tó so èèyàn mọ́ ilé ẹ̀ ló já yẹn. Kì í ṣe adùn oúnjẹ nìkan.

*

Ẹnì kan mẹ́nu ba Michael Hutchence, akọrin ẹgbẹ́ INXS ti Ọsirélíà, ó ní ṣebí imú ló pa á. Ohun tó dájú ni pé ní 1992, ní Copenhagen, òun àti awakọ̀ takisí kan ní gbólóhùn asọ̀, ó ṣubú, ó fi orí gbálẹ̀, agbárí ẹ̀ sán. Imú ẹ̀ kú, ìtọ́wò ẹ̀ dín kù, àwọn tó sún mọ́ ọn sì sọ lẹ́yìn náà pé àtìgbà yẹn ni ìwà ẹ̀ ti yí padà. Ní 1997 ó kú. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé imú ló pa á, ohun tó wà nínú ayé ẹ̀ pọ̀, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún òkú. Àmọ́ ó gbé ìfarapa orí yẹn kiri fún ọdún márùn-ún, ìyẹn la mọ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí n dárúkọ ẹlòmíì kó má jẹ́ ìtàn ikú nìkan. Duncan Boak, ará Gẹ̀ẹ́sì, orí ló fi gbá ní 2005 tí imú ẹ̀ fi kú. Òun ló dá ẹgbẹ́ Fifth Sense sílẹ̀ ní 2012 fún àwọn tí imú wọn ò gbóòórùn. Mo ń dárúkọ ẹ̀ torí ẹni tó kọ ọ́ pé "ọkọ yín nìkan kọ́". Lóòótọ́ ni, òun nìkan kọ́.

*

Ó yá, zinc.

Mo mọ̀ pé ibí yìí lẹ máa ti bá mi jà. Èèyàn mẹ́rin ló ti kọ ọ́ pé zinc ló wo tàwọn. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lónírọ́. Ẹni tí zinc ò tó lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè jàǹfààní. Àmọ́ fọ́nrán tó já lójú egungun, zinc ò lè so ó. Zinc púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́ sì máa ń lé èròjà bàbà (copper) tí ara nílò kúrò nínú ara, ẹ̀jẹ̀ èèyàn á lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Kí ẹ tún wá yẹra pátápátá fún zinc tí wọ́n ń fi sínú imú: ní 2009 FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má lò ó mọ́ torí àwọn tó lò ó ló ń wá sọ pé imú àwọn kú. Ẹni tó ń wá imú wá fi ọwọ́ ara ẹ̀ pa á.

Steroid, oògùn tó ń mú kí ibi tó wú lọ sílẹ̀, òun náà ńkọ́? Bí imú bá wú nínú tàbí tí nǹkan bá dí i, ó lè ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé fọ́nrán ló já, ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́ kò tó nǹkan, oògùn ọ̀hún sì lè da oorun rú, ó lè sọ ọkàn di yánpọnyánrin. Fún ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti bá jà, èmi á rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

*

Kékeré ni eléyìí àmọ́ ẹ má fò ó. Ẹnì kan béèrè pé láti ìgbà tí òun ti fi orí gbá, omi tó mọ́ gaara ń kán níhò imú kan ṣoṣo tí òun bá tẹrí ba, ó sì ń ṣe iyọ̀ lẹ́nu. Ọ̀gá, ẹ dìde níbi tí ẹ wà, ẹ lọ sílé ìwòsàn lónìí. Ó lè jẹ́ omi tó yí ọpọlọ ká ló ń jò láti ojú egungun tó sán. Ẹ má fun imú, ẹ má ki nǹkankan bọ̀ ọ́. Ibi tí omi ń gbà jáde ni kòkòrò ń gbà wọlé, àrùn yírùnyírùn ló sì máa ń fà. Ẹ padà wá sọ fún wa tí ẹ bá débẹ̀.

*

Ẹ̀kọ́ imú, ìyẹn fífi òórùn kọ́ imú lójoojúmọ́ kó lè tún gbóòórùn. Ìyàwó kan ní ọkọ òun gbìyànjú ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò rí nǹkankan, ó dà á nù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ò tó rárá.

Dresden ní Jámánì ni ìwádìí rẹ̀ ti jáde ní 2009. Òórùn mẹ́rin ni wọ́n lò: róòsì, yùkálípítọ́ọ̀sì, lẹ́mọ́ọ̀nù àti kànáfùrù. Òwúrọ̀ kan, alẹ́ kan, ọ̀sẹ̀ méjìlá. Èèyàn á gbé ọ̀kan síbi imú bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, á rọra máa fà á, á sinmi díẹ̀, á gbé ìkejì. Nígbà tó ń fà á, kó máa rántí bí òórùn yẹn ṣe máa ń rí, kì í ṣe kó máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ìdí tó fi lè ṣiṣẹ́ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbóòórùn jẹ́ ara àwọn sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ nínú iṣan ara tó máa ń kú tí òmíràn sì ń hù rọ́pò wọn títí èèyàn á fi dàgbà. Ìṣòro tiwa tí a fi orí gbá ni pé fọ́nrán tuntun gbọ́dọ̀ gba ojú ihò egungun yẹn padà sókè, àpá egbò sì lè ti dí ihò. Torí náà ó máa ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí kòkòrò àrùn pa imú wọn ju fún àwa lọ. Mo fẹ́ sọ ìyẹn láìbò ó. Àwọn tí tiwọn ò padà pọ̀ ju àwọn tí tiwọn padà lọ, àwọn tó bá sì máa padà, láàárín ọdún àkọ́kọ́ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wọn. Oṣù méje ni ọkọ àbúrò mi wà. Àyè ṣì wà. Kó bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan ní òun ń fi ammonia, kẹ́míkà olóòórùn líle, dán imú òun wò, pé ó ń ta òun, torí náà imú òun ń ṣiṣẹ́. Rárá o. Ohun tó ń ta imú, tó ń mú ojú ṣomi, iṣan mìíràn ló ń gbé e, iṣan ojú tó ń mọ ìrora. Ó lè wà ní pípé kí òórùn ti kú pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ahọ́n: dídùn, kíkan, kíkorò, iyọ̀ àti adùn omi ẹran, ìyẹn nìkan ni ahọ́n mọ̀. Gbogbo ìyókù tí à ń pè ní adùn oúnjẹ, òórùn tó gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè lọ sí imú ni. Ìdí nìyẹn tó fi ń ní òun ń jẹ páálí. Páálí tó níyọ̀.

*

Mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni? Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, ìbéèrè mẹ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ló ń bi èèyàn lé lórí, máàkì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 27. Tó bá ti dé 10, ẹ má dúró mọ́. Àmọ́ ẹni tí orí ẹ̀ fara pa máa ń rẹ̀ lóòótọ́, kì í rí oorun sùn lóòótọ́, kì í lè pọkàn pọ̀ lóòótọ́, torí náà máàkì ẹ̀ lè ga díẹ̀ torí ìyẹn nìkan. Dókítà tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ á béèrè nípa ọkàn fúnra ẹ̀: ṣé ó ń dá ara ẹ̀ lẹ́bi, ṣé ayé ti sú u?

Àti pé àbúrò mi, ẹ ní kì í bá yín jà. Gbólóhùn yẹn ló mú mi lọ́kàn. Nǹkan méjì ló lè jẹ́. Ọ̀kan ni ìbànújẹ́, pé inú ẹ̀ bà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní okun ìjà. Ìkejì ni pé iná ìfẹ́-ṣe inú ẹ̀ ló kú, torí iwájú ọpọlọ tó fara pa. Inú ẹni bẹ́ẹ̀ ò bà jẹ́, inú ẹ̀ ò sì dùn, ó kàn jókòó. Ìtọ́jú wọn ò rí bákan náà, torí náà ẹ bi í pé "kí ló ń lọ lọ́kàn rẹ nígbà tó o bá ń wo ògiri?" Tó bá ní "kò sí nǹkankan" tó sì jẹ́ òótọ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà. Tó bá ní òun ò wúlò fún yín mọ́, ẹ sọ ìyẹn náà.

Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò fún họ́móònù. Nǹkan kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń jẹ́ pituitary, ó so rọ̀ bí èso lórí igi, ìjàǹbá orí lè ṣe é léṣe. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, họ́móònù tó ń fún èèyàn lókun á lọ sílẹ̀, cortisol, ti thyroid, testosterone, ẹni yẹn á máa sùn, á máa rẹ̀, ọkùnrin ò ní fẹ́ sún mọ́ ìyàwó ẹ̀, gbogbo ayé á máa pè é lólóríkunkun. Ẹ̀jẹ̀ lásán ni wọ́n máa gbà. Tèmi wá dára, àmọ́ mo dúpẹ́ pé wọ́n wò ó.

Oògùn ńkọ́? Sertraline àti citalopram wà lára àwọn tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí orí ẹ̀ fara pa, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kí ó rí i pé òun sọ fún ẹni tó ń kọ oògùn pé òun fi orí gbá, kó má rò pé ó mọ̀, torí àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kan, bíi bupropion, lè fa gìrì fún irú wa. Ọtí náà, kó fi í sílẹ̀ ná. Oògùn nìkan sì kọ́. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló jẹ́ kí n rí i pé mo ti yọwọ́ nínú gbogbo ohun tí mo máa ń ṣe kí n tó ṣubú, mo ń sọ pé nígbà tí imú bá padà. A bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí imú. Rírìn lówùúrọ̀ ni àkọ́kọ́. Ọmọ mi ni ìkejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo ń gbé lé orí ẹ̀ dípò imú, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Tó bá sọ lọ́jọ́ kan pé ikú sàn ju ayé òun lọ, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má pè é ní aláìmoore. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara ẹ̀, ìbéèrè yẹn kì í fi èrò sí èèyàn lọ́kàn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n bi èmi. Mo sunkún, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè yẹn ló gbà mí.

*

Ẹni tó béèrè bóyá imú tó kú lè jí kó máa gbọ́ òórùn burúkú níbi tí kò sí: bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹrìnlá tèmi, imú jí díẹ̀, àmọ́ òdì ló jí sí. Ọṣẹ ń rùn bíi rọ́bà tó ń jóná, omi ìwẹ̀ ń rùn, ara ìyàwó mi ń rùn sí mi, mo sì mọ̀ pé kò rùn. Fọ́nrán tó ń hù padà ló so mọ́ ibi tí kò yẹ. Ó lè jẹ́ àmì pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe pé ìyà tuntun dé. Ó tó oṣù márùn-ún kó tó lọ sílẹ̀. Lónìí mò ń gbọ́ èéfín, mò ń gbọ́ kànáfùrù, mò ń gbọ́ nǹkan bíi mẹ́fà péré. Orí ọmọ mi kò sí nínú ẹ̀, ó sì ti ń lọ sílé ìwé.

Sí àbúrò tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ torí pé kò mọ̀ bóyá òun ń rùn: mo ṣe é rí. Wá ẹnì kan ṣoṣo tó o fọkàn tán, kí ó ṣèlérí pé òun á sọ òótọ́ fún ẹ, kó o sì máa wẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

*

Àbúrò mi ti padà dé. Ohun tó kọ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, mo ní ká lọ rí dókítà ọkàn, ó ní òun kì í ṣe wèrè. Mo wá ṣe bí ẹ ṣe sọ nínú ìdáhùn tí ẹ kọ sí mi lọ́tọ̀, mo ní ká lọ yẹ imú wò nìkan, ó gbà. Wọ́n fún un ní ìwé tí wọ́n ń fi pẹ́ńsù ha tó ń mú òórùn jáde, ogójì. Mọ́kànlá ló gbà. Nígbà tí a dénú mọ́tò ó gbé orí lé sítíárìn, ó sunkún. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ń purọ́ fún ara òun. Ó ní kí n bá òun pe dókítà kejì."

Àbúrò mi, mo ka eléyìí síta fún ìyàwó mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé mọ́kànlá yẹn, kí ẹ lè sọ ọ́ fún ẹbí. Ìwé yẹn, Yunifásítì Pennsylvania ni wọ́n ti ṣe é. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà lábẹ́ òórùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ló tọ̀nà. Ẹni tí ò gbóòórùn rárá, tó kàn ń méfò, á gbà tó mẹ́wàá nínú ogójì. Mọ́kànlá túmọ̀ sí pé ọkọ yín ń méfò. Ẹni tó ń purọ́ pé òun ò gbóòórùn sábà máa ń gbà kéré ju ìyẹn lọ, torí ó mọ èyí tó tọ̀nà ó sì ń yẹra fún un. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan, ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ mú un dání lọ́dọ̀ dókítà kejì pẹ̀lú ìwé sìkáànì àti orúkọ gbogbo oògùn tó ń lò, zinc náà.

Tí wọ́n bá fún un ní oògùn, ẹ má wo ọjọ́ mẹ́wàá. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó hàn, ẹ̀yin lẹ sì máa kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe òun. Tèmi, ìyàwó mi ló ní mo kọrin nínú ilé ìwẹ̀. Mi ò mọ̀.

Ẹ ò sì dá mi lóhùn lórí álámù, ẹ̀rọ tó ń dún bí èéfín tàbí gáàsì bá wà nínú ilé, mo bi yín nínú ìdáhùn ọ̀tọ̀ yẹn. Lọ́dún tí mo ṣubú, mo jókòó ń ka ìwé, ìkòkò ń jó lẹ́yìn mi, gbogbo ilé ti ṣú fún èéfín kí ìyá mi tó ṣí ilẹ̀kùn wọlé, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń pariwo orúkọ mi. Mi ò gbóòórùn ohunkóhun. Ọ̀kan fún èéfín, ọ̀kan fún gáàsì, kí ẹ kọ ọjọ́ sára gbogbo ohun tí ẹ bá gbé sínú fíríìjì. Ẹ rà wọ́n kí ó tó tún di pé òun nìkan ló wà nílé.